Verna Hnatiuk àti Etí Òsì Ọkọ Rẹ̀

Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Èmi àti Verna Hnatiuk jókòó láàárín ilé ìtajà ẹ̀rọ orin kan ní òpópónà Portage, àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, Verna sì ti ki fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń dí etí bọ etí rẹ̀ òsì. Ó dijú, ó la ẹnu díẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wò ó, ó tún wo èmi. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà ilé.

"Verna," mo ní, "jọ̀ọ́, yọ nǹkan yìí kúrò létí. Wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ṣé àwọn ló fẹ́ gbọ́ orin náà ni?"

Bí Verna ṣe rí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé Winnipeg, n kò tíì rí obìnrin tó ń ṣe nǹkan délẹ̀ bíi tirẹ̀, n kò sì rò pé màá rí òmíràn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í yin èèyàn lásán. Ẹnu mi mú, kò sì wù mí kó kú.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ẹ̀wù òtútù ni mo ti pàdé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni máṣíìnì mi àti tirẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe ẹni tó ń yẹ ẹ̀wù wò kí wọ́n tó kó wọn lọ sọ́jà. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú rẹ̀, orí tábìlì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ̀wù sí. Wọ́n á fa ojú rírán, wọ́n á fa síìpù sókè sódò, ó parí. Verna kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń gbé ẹ̀wù náà wọ̀. Á fa síìpù dé àgbọ̀n, á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, á sì bọ́ síta nínú oṣù January, nígbà tí itọ́ ẹni ń dì kó tó balẹ̀. Á ki ọwọ́ bọ àpò, á kọjú sí afẹ́fẹ́, á kẹ̀yìn sí i. Bó bá wọlé padà pẹ̀lú imú pupa, á bọ́ ẹ̀wù náà jù sórí tábìlì.

"Ẹ tú ọrùn èyí. Atẹ́gùn ń gbabẹ̀ wọlé."

Ọ̀gá wa bi í léèrè nígbà kan pé ṣé kò lè wò ó láti inú ilé bí àwọn yòókù ni. Verna ní, "Mo wò ó, kò bá mi sọ nǹkan kan." Ọ̀gá náà kò tún bi í mọ́.

Ilé méjì ló wà láàárín ilé tèmi àti tirẹ̀ ní àdúgbò North End. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Baba, torí bẹ́ẹ̀ làwọn ará Ukraine ṣe ń pe ìyá àgbà, ó sì pẹ́ kí n tó yé rẹ́rìn-ín sí i. Nestor ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ réluwè ló ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àdúgbò wa, òkè ilé ni ti ìyàwó, yàrá abẹ́ ilé ni ti ọkọ, abẹ́ ilé yẹn sì ni Nestor to ẹ̀rọ orin rẹ̀ sí. Ó rà á kó tó ra òrùka ìgbéyàwó, Verna kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fún sípíkà lágbára wà níbẹ̀, onírin, iwájú rẹ̀ ń dán, ó kún fún bọ́tìnì, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Sípíkà méjì tó ga dé ìbàdí mi dúró lọ́tùn-ún àti lósì. Láàárín wọn, lọ́ọ̀ọ́kán, àga kan wà.

Àga yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Nestor àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lubo ló fi okùn ìwọ̀n wọn ibi tó yẹ kó wà, kí ó jìnnà sí sípíkà kọ̀ọ̀kan bákan náà. Wọ́n lẹ téèpù pupa mọ́lẹ̀ yí ẹsẹ̀ àga náà ká. Bí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá sún un díẹ̀, Lubo á mọ̀, ojú rẹ̀ á sì le bíi pé wọ́n ṣí ibojì ìyá rẹ̀. Ní alẹ́ Thursday, àwọn ọkùnrin yẹn á kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á máa gba àga náà jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á dijú, àwọn yòókù á dákẹ́ bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Verna á gbé pẹ̀rógì, ìyẹ̀fun sísè tí wọ́n fi ọ̀dùnkún kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà díndín sọ̀kalẹ̀ fún wọn. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ń wá lórí àga? Ṣé orin kì í dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni?

Àmọ́ àwo orin kan wà tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí Nestor wà ní ọ̀dọ́, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Pavlo máa ń lọ ṣeré níbi ìgbéyàwó láàárín àwọn abúlé oko. Pavlo ń ta fáyólììnì, Nestor sì ń lu símbalì, pẹpẹ onígi tó kún fún okùn wáyà, tí wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré méjì lù. Ẹnì kan gba orin wọn sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn abúlé kan, ó sì ṣe é sórí àwo. Bí àṣà ìgbà náà, ó gbé Pavlo sí sípíkà ọ̀tún pátápátá, ó gbé Nestor sí ti òsì, kí ẹni tó rà á lè mọ̀ pé sípíkà méjì lòun fowó rà. Àwo náà kò pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Pavlo ti kú tipẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù March, Nestor jí, etí rẹ̀ òsì kò sì jí. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó lo oògùn títí. Etí náà kò padà. Gbogbo wa kọ́ láti máa jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀ bí a bá fẹ́ kó dá wa lóhùn, a sì rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Àfi ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ lọ fi àwo orin tiwọn sórí ẹ̀rọ. Verna wà lókè, ó ń po ìyẹ̀fun. Ó gbọ́ tí orin bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ tó dáwọ́ dúró láàárín. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Nígbà tí Nestor gòkè wá, ó fọ ọwọ́, ó jókòó.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Verna bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Pavlo ń ta tirẹ̀ lọ geere. Èmi ni n ò sí níbẹ̀ mọ́."

Ó ní símbalì òun ń dún bíi pé wọ́n ń lù ú lábẹ́ ibùsùn nílé ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, kò sí Thursday mọ́. Lubo wá kan ilẹ̀kùn, Nestor ní ó rẹ òun. Kò bínú, kò sunkún. Ó ń jẹun, ó ń dúpẹ́ oúnjẹ, ó wá ń jókòó nídìí fèrèsé bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tí May wọlé, ó fọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ní Saturday tí gbogbo ìlú máa ń gbé ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́ sẹ́bàá ọ̀nà kí ẹni tó bá wù ú gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, òun máa gbé ẹ̀rọ orin òun jáde. Gbogbo rẹ̀, tàwo-tàwo.

Verna wá bá mi nílé lọ́jọ́ kejì. Kò bọ́ kóòtù.

"Ó ní òun máa kó o síta."

"Kó kó o síta," mo ní. "Ẹrù burúkú! Ra kékeré ìgbàlódé kan fún un. Wo tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù yìí. Fóònù ni mo fi ń darí ẹ̀, kò ní wáyà, kò tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ, gbogbo orin ayé ló wà nínú ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń dùn mí," ó ní. "Bí nǹkan yẹn bá kúrò nílé, ọkọ mi ò ní kúrò nídìí fèrèsé mọ́. Mo mọ̀ ọ́n."

Lubo ti gbọ́, ó sì ti wá jókòó sí kíṣìnì Verna kí a tó débẹ̀. Àpótí ìgbàlódé tí mo dárúkọ yẹn ló kọ́kọ́ bí i nínú.

"Agolo bisikíìtì!" ó ní. "Ẹ fẹ́ fi Nestor sínú agolo bisikíìtì!"

"Agolo tèmi ń sọ̀rọ̀," mo ní. "Ti ọ̀rẹ́ rẹ dákẹ́ sábẹ́ ilé láti ìgbà wo?"

"Sípíkà méjì ni wọ́n fi ń gbọ́ orin, màdáámù. Méjì! Ọlọ́run fún wa ní etí méjì."

Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Verna dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú fóòmù tí a máa ń fi dí etí nílé iṣẹ́ nígbà kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì kì í bọ etí òsì.

"Kí lò ń ṣe?" mo bi í.

"Mo fẹ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé," ó ní.

Kò yọ ọ́ mọ́. Ó ń fi í lọ ra búrẹ́dì, ó ń fi í wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ kan fọn fèrè sí i ní òpópónà Selkirk, ó sì yíjú sí òdìkejì. Níbi oúnjẹ ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó jókòó sápá òsì rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́, obìnrin náà gbé àwo rẹ̀, ó bínú lọ sí tábìlì míràn. Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé o rí i? Bó ṣe ń ṣe Nestor nìyẹn, àwa sì rò pé ó ń yàn wá lódì." Ó rẹ̀ ẹ́, orí ń fọ́ ọ, òun náà ti wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo bínú sí i, mo sì ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ilé ìtajà tí mo sọ. Jomar ni orúkọ ọmọkùnrin tó ń tajà, ọmọ Philippines, ó níwà pẹ̀lẹ́ gan-an. Verna ti sọ fún un pé owó tí òun fẹ́ ná kò gbọ́dọ̀ ju ti táyà ìgbà òtútù mẹ́rin lọ, Jomar kò sì fi ojú wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó kọ́kọ́ fi sípíkà kékeré méjì hàn án, irú èyí tí ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára ti wà nínú rẹ̀, tí kò nílò ẹ̀rọ ńlá mọ́. Ó dùn, àní èmi tí mi ò mọ nǹkan kan gbádùn ẹ̀. Verna mi orí.

"Gìtá yẹn dà?"

"Gìtá wà nínú ti òsì, mà," Jomar ní. "Ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa torí ẹ dí etí yín, mà."

"Mo mọ̀ pé mo dí i, ọmọ mi. Ọkọ mi ò lè ṣí tiẹ̀."

Jomar pa ohun tó ń dún, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó sì gbé àpótí kan ṣoṣo wá, aláṣọ eérú, kò tóbi ju búrẹ́dì méjì tí wọ́n tò léra wọn lọ. "Ẹ gbọ́ èyí, mà."

Verna dijú. Gìtá náà jáde. Ohun gbogbo jáde láti ojú kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó sápamọ́. Verna lajú, ó ní kó tún gbé e sí i, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Jomar wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo Nestor lórí fóònù, kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí i. Àmọ́ ó fi ihò kan hàn wá lẹ́yìn àpótí náà, ó ní wáyà láti ara ẹ̀rọ ilé lè wọ ibẹ̀. Ó ní bí kò bá tẹ́ bàbá lọ́rùn, kí wọ́n dá a padà. Verna fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní èjìká.

Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ tèmi ló ṣẹ, mo sì sọ ọ́ fún Lubo nígbà tó ń so wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ńlá. Ó ń so ó, ó ń ráhùn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Verna gbé àpótí tuntun náà sórí tábìlì, sápá ọ̀tún, ó pe Nestor sọ̀kalẹ̀. Nestor jókòó sórí àga rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn Verna, kì í ṣe torí pé ó wù ú. Orin bẹ̀rẹ̀.

Ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó nu imú.

"Mo wà níbẹ̀," ó ní. "Lóòótọ́. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀."

Verna di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. "Ṣé ó dára?"

"Verna mi. Símbalì yẹn tóbi tó tábìlì yìí. Èmi àti Pavlo la jọ máa ń gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, a ó sì máa bú ara wa. Èyí tí mò ń gbọ́ yìí, ọmọdé lè fi há abíyá." Ó dìde, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "O ṣeun. O gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ "o gbìyànjú" yẹn ló pa Verna lára. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn tí Nestor ti gòkè lọ. Mo jókòó tì í. Lubo pàápàá kò yọ̀ mí.

Saturday dé. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún àga, ibùsùn ọmọdé, kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, àwọn ọkọ̀ sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n lè gbé. Nestor ti kó àwọn wáyà tí wọn kò lò jọ láti àárọ̀. Ó lọ yá kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́wọ́ ará àdúgbò kan, torí pé àwọn ẹ̀rọ náà wúwo. Lubo wá láti ràn án lọ́wọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa bí ẹni tó wá sìnkú. Èmi gbé kọfí wá.

Bí Nestor ṣe jáde lọ gbé kẹ̀kẹ́ náà, Verna sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilé. Fóòmù wà létí rẹ̀. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, àga tí n kò rí i kó jókòó lé rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Lubo, fi àwo wọn sí i. Kó gba inú àwọn sípíkà ńlá."

"Verna, kí la tún fẹ́—"

"Fi sí i."

Lubo fi sí i. Fáyólììnì Pavlo jáde, ó mọ́, ó ń ké. Verna tẹ orí. A rí i tí omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Òótọ́ ló sọ," ó ní. "Kò sí níbẹ̀." Ó wá yíjú sí Lubo. "Dá mi lóhùn. Àpótí kékeré yẹn ò ju ẹyọ kan lọ, kò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Èyí ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó fi ọkọ mi sílẹ̀. Kí ló dé?"

"Torí ẹyọ kan nìyẹn ni. Ó kó tọ̀tún-tòsì pọ̀ sójú kan."

"Ẹ̀rọ tẹ̀yin náà ò lè kó wọn pọ̀ ni?"

Lubo fọwọ́ họ ọrùn. Ó wo ilẹ̀, ó wo téèpù pupa.

"Bọ́tìnì kan wà."

"Bọ́tìnì wo?"

"A kì í tẹ̀ ẹ́."

"Ta ni kì í tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́, Verna! Torí rédíò tí kò gbà dáadáa ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹni tó ra sípíkà méjì, tó wọn àga, tó wá tẹ bọ́tìnì yẹn... ó dà bí ẹni tó ra bàtà méjì tó wá ń fi ẹsẹ̀ kan rìn!"

"Etí kan ni ọkọ mi ní, Lubo. Tẹ̀ ẹ́."

Mo fẹ́ fi ife kọfí lu ọkùnrin yẹn. Gbogbo Thursday ayé rẹ̀ ló fi jókòó síwájú bọ́tìnì yẹn, kò sì wá sọ́kàn òun tàbí ti Nestor fúnra rẹ̀, torí wọ́n ti gbà pé ohun ìtìjú ni. Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu eruku, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó le. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé.

Símbalì jáde láti ọ̀tún. Kì í ṣe ti ọmọdé tó ń fi nǹkan há abíyá. Ó tóbi, ó wúwo, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Verna fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sẹ́yìn sípíkà òsì, ó sì fa wáyà rẹ̀ yọ.

"Verna, rárá!" Lubo ké. "Wọ́n jọ wá ni! Wọn kì í yà wọ́n!"

"Kò wúlò fún un. Bá mi ti èyí."

Èmi ni mo bá a tì í. A ti sípíkà ọ̀tún súnmọ́ ibi tí etí Nestor tó yè máa wà, Verna sì fa àga kúrò lójú ibi tó wà. Téèpù pupa ya. Lubo kọjú sí ògiri, kò lè wò ó.

A gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù níta. A gbọ́ tó dúró. Nestor sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ó di irin mú.

"Ta ló gbé àga mi?"

"Èmi ni," Verna ní. "Jókòó."

"Ibi tó wà yìí ò tọ̀nà."

"Nestor Hnatiuk, jókòó kí n tó gbé e síta pẹ̀lú ìwọ lórí ẹ̀."

Ó jókòó. Verna fúnra rẹ̀ ló gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo. Nestor tẹ orí díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọ̀tún, òsì, bí ẹni mú ọ̀pá dání. Orin náà ń sáré lọ, ó dé ibì kan tí fáyólììnì gòkè, símbalì sì ya síwájú rẹ̀.

Nestor lu itan rẹ̀.

"Mo sáré jù níbẹ̀ yẹn!"

"Níbo?" Verna béèrè.

"Níbi orin tí wọ́n fi ń mú ìyàwó jáde! Ẹ ò gbọ́ ọ? Mo já Pavlo sílẹ̀! Ó máa ń bá mi wí sí i, títí tó fi kú ló ń bá mi wí sí i. Dá a padà, Verna. Dá a padà síbẹ̀."

Láti oṣù March, ọkùnrin yẹn kò tíì rí àléébù nínú ohunkóhun. Verna dá a padà. Lubo ti yíjú kúrò lára ògiri, ojú rẹ̀ tutù, ó ní, "Lóòótọ́ lo sáré o." Nestor ní ta ló bi í léèrè. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ara mi sì balẹ̀.

Àpótí tuntun náà kò padà sọ́dọ̀ Jomar. Kíṣìnì Verna ló wà, ó ń fi í gbọ́ ìròyìn bó bá ń ṣe pẹ̀rógì, ó sì dára fún iṣẹ́ náà. Bí kì í bá ṣe ti àpótí yẹn, kò sẹ́ni tó máa ronú kan bọ́tìnì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Lubo, ó ní kí n lọ sùn.

Àmọ́ lọ́sàn-án Saturday yẹn, èmi àti Verna fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí Nestor yá gbé sípíkà òsì jáde, a gbé e sórí koríko, a fi páálí kọ "ọ̀fẹ́" sí i lára. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kan dúró. Tọkọtaya kan sọ̀kalẹ̀, ọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ pa igi rẹ̀.

"Ó mà dáa o, mà. Èkejì ẹ̀ dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́," Verna ní.

Fèrèsé abẹ́ ilé ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Orin náà tún dé ibi tí ìyàwó ti ń jáde, a sì gbọ́ ohùn Nestor, ó pariwo, "Rọra! Rọra, ìwọ ọmọ yìí!"

Obìnrin inú ọkọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ta ni bàbá ń bá wí?"

Verna jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà òsì. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì bò ó mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

"Ọmọkùnrin kan tó ń lu símbalì," ó ní. "Ó ti pẹ́ tó ti jáde nílé. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."